Àyẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní iṣẹ́ mìíràn ló bá mi mu: ṣé kí n fi Microbiology sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ 200 Level

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi níbí. Mo wà ní 200 level ní ẹ̀ka Microbiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, ní fásitì kan nílẹ̀ Yorùbá. Ìmọ̀ ìṣègùn ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, ṣùgbọ́n máàkì mi kò tó iye tí fásitì náà ń béèrè, ni wọ́n bá fún mi ní Microbiology, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú wa. N kò kórìíra ẹ̀kọ́ náà, èsì ìdánwò mi kò sì burú. Síbẹ̀, bí a bá wà nínú láàbù tí a tẹrí ba sórí àwo, tí a ń ka iye ojú ibi tí kòkòrò ti hù lórí agar (ohun dídì tí a fi ń bọ́ wọn), ọkàn mi kì í sí níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn tí kò yé ni ara mi máa ń yá.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan fi ìkànnì My Next Move hàn mí, èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò láìsan kọ́bọ̀. Mo dáhùn gbólóhùn 60 tó wà nínú àyẹ̀wò Interest Profiler, èsì mi sì nìyí, nínú 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Social 34, Enterprising 31, Investigative 22, Artistic 19, Conventional 17, Realistic 9. Àwọn iṣẹ́ tó tò sílẹ̀ fún mi pọ̀ lọ jàra, àwọn bí iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn àti iṣẹ́ ìdarí òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó jọ Microbiology nínú wọn. Mo tún ṣe àyẹ̀wò ìwà ẹ̀dá, irú ti Myers-Briggs (MBTI), tó máa ń fún ènìyàn ní lẹ́tà mẹ́rin, ó sì ní ENFJ ni mí.

Bàbá mi fẹ́ kí n tún JAMB ṣe nítorí ìmọ̀ ìṣègùn. Ìyá mi ní kí n ṣe sùúrù kí n parí èyí tí mo bẹ̀rẹ̀. Èmi ń ronú àtiyí padà sí ẹ̀ka mìíràn nínú fásitì kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ló ṣe yẹ kí ènìyàn ka irú èsì yìí, ṣé ó sì tó ohun tí mo lè gbé irú ìpinnu yìí kà?

Ìdáhùn láti ọwọ́ Olùgbaninímọ̀ràn, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, ó dára tí o kọ máàkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá sí ọ́fíìsì mi kàn máa ń sọ pé "Social ni mí" ni, kò sì sí ohun tí a lè fi ìyẹn nìkan ṣe.

Orí iṣẹ́ John Holland ni àyẹ̀wò tí o ṣe dúró lé, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá tó gbé èrò yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní 1959. Ó ní a lè pín àwọn ènìyàn, kí a sì pín ibi iṣẹ́ pàápàá, sí oríṣi mẹ́fà: àwọn tó fẹ́ràn irinṣẹ́, ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ìta (R), àwọn olùwádìí (I), àwọn oníṣẹ́ ọnà (A), àwọn tó fẹ́ràn kíkọ́ni àti ríran ènìyàn lọ́wọ́ (S), àwọn tó fẹ́ràn òwò, ìdarí àti ìyíniléròpadà (E), àti àwọn tó fẹ́ràn àkọsílẹ̀ àti ètò tó gún régé (C). Ó tò wọ́n yípo bí mo ṣe kà wọ́n yìí, tí C fi tún padà kan R, tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jọra, àwọn tó dojú kọ ara wọn sì jìnnà síra. S àti E tí ó ga jù nínú èsì rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, R tó sì kéré jù ló dojú kọ S, nítorí náà èsì rẹ ò ta kora. Má sì fi ìyàtọ̀ 34 àti 31 da ara rẹ láàmú, torí ìdáhùn kan tàbí méjì péré ló lè mú un wá.

Ohun tó wu ènìyàn nìkan ni àyẹ̀wò yìí ń béèrè. Kò béèrè ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, ó tilẹ̀ kìlọ̀ fún ọ níbẹ̀rẹ̀ pé kí o má ro bóyá o ti kẹ́kọ̀ọ́ tó fún iṣẹ́ náà tàbí iye owó tó wà nídìí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ bóyá kí o kúrò ní Microbiology tàbí kí o dúró. Ìbéèrè yẹn ní ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé nínú, ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti ọ̀rọ̀ àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí wọ́n padà sínú gbólóhùn 60 náà, kí wọ́n kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi àròpọ̀ sílẹ̀ ná. Wo I rẹ tó jẹ́ 22. Gbólóhùn mẹ́wàá ló para pọ̀ di máàkì yẹn, wọn kò sì jọra rárá. Ọ̀kan béèrè bóyá wàá fẹ́ máa kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí àwọn plánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn, òmíràn béèrè nípa àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, òmíràn nípa wíwádìí ohun tó fa iná tó jó ilé. Ṣùgbọ́n àárín wọn náà ni iṣẹ́ láàbù báyọ́lọ́jì wà, àti fífi maikirosikópù yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àti àyẹ̀wò tí a fi ń dá àrùn mọ̀, àti wíwá ọ̀nà tí omi kò fi ní dọ̀tí mọ́. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tí o ń kọ́ gan-an! Bí ó bá jẹ́ pé plánẹ́ẹ̀tì àti ojú ọjọ́ ló fa máàkì rẹ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ Microbiology kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ àwọn ti láàbù ni o kọ̀, a jẹ́ pé ó ń sọ nǹkan kan tó yẹ kí a gbọ́.

Ṣe bẹ́ẹ̀ fún S àti E pẹ̀lú. Nínú S ni iṣẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà wà, inú rẹ̀ náà ni ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, kíkọ́ adití ní èdè àmì, àti gbígbọ́ ìṣòro ọkàn àwọn ènìyàn wà. Nínú E, dídá òwò ara ẹni sílẹ̀ wà níbẹ̀, ṣíṣe ṣọ́ọ̀bù ìṣerunlóge wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣíṣojú oníbàárà ní kóòtù. Ẹni méjì lè gba 34 nínú S kí ọ̀nà wọn má pàdé láéláé.

R rẹ tó jẹ́ 9 ń kọ mí lóminú díẹ̀. Ṣé obìnrin ni ọ́? Bí o bá jẹ́ obìnrin, rántí pé ohun tí wọn kò jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kàn rí kì í sáábà wù ú. Nínú ilé wa, ọmọkùnrin ni a ń rán lọ wo jẹnẹrétọ̀, ọmọbìnrin a sì máa tọ́jú ilé ìdáná. Àwọn tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí pàápàá ti kọsẹ̀ níbẹ̀: nígbà tí E. K. Strong gbé tirẹ̀ jáde ní 1927, ti ọkùnrin ni, ti obìnrin sì dé lọ́tọ̀ ní 1933, ọdún 1974 ni wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀. Gbólóhùn mìíràn sì jẹ́ ti ilẹ̀ ibòmíràn pátápátá. Ta ní ń gba owó oṣù nídìí pípa iná igbó nílẹ̀ wa? Ṣùgbọ́n sísin ẹja wà lábẹ́ R bákan náà, mélòó sì ni àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì nítòsí rẹ tí wọ́n ń fi kòtò ẹja jẹun!

Bí o bá fẹ́ èyí tí a ṣe fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn fásitì rẹ bóyá wọ́n ní Vocational Interest Inventory tí Ọ̀jọ̀gbọ́n C. G. M. Bakare ti Fásitì Ìbàdàn ṣe ní 1977. Ó ti pẹ́, kò sì mọ àwọn iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ti òde òní, ṣùgbọ́n onímọ̀ràn yóò jókòó tì ọ́ láti ka èsì rẹ̀, mo sì ka ìjókòó yẹn sí ju àyẹ̀wò náà lọ.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Bàbá Ẹnjiníà, Ìbàdàn

Ọmọ mi, mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí onímọ̀ràn kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ fún yín. Ohun tó wu ọmọ ogún ọdún lónìí, ṣé yóò ṣì wù ú tó bá di ẹni ogójì? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò náà kò mọ ilé iṣẹ́ tó ń gbani, kò mọ èyí tó ń lé ènìyàn dànù, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ó tó gboyè kò ní lè sin ilẹ̀ baba rẹ̀ lábẹ́ NYSC.

Sọ fún bàbá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹni tó bá gboyè nínú Microbiology ṣì lè gba Direct Entry (ìwọlé tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti 100 level) lọ sí ìmọ̀ ìṣègùn, bí ó bá wu ẹni náà nígbà yẹn. Pípadà sí ìdí JAMB ní 200 level dà bí ẹni rìn dé Ògèrè tó tún padà sí Èkó nítorí àtiwọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìbàdàn.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ yíyan iṣẹ́, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ní 1959, àwọn arábìnrin Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn yìí, pe àwọn ènìyàn láti ẹnu oríṣiríṣi iṣẹ́ wá bá àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ìgbaninímọ̀ràn ilẹ̀ wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn iṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ gangan ni àwọn ọmọ yẹn rí, tí wọ́n bi í ní ìbéèrè, tó sì sọ fún wọn bí òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Wá ẹni mẹ́ta tó kẹ́kọ̀ọ́ Microbiology tí iṣẹ́ wọn kò jọra, kí o lọ jókòó tì wọ́n.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Ará Houston

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìjókòó ti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta ko yín níbì kan. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ lé ohun tó ń wu àwọn ènìyàn láti ìgbà èwe wọn rí i pé kì í yí padà bí a ṣe rò, àti pé àárín ọdún 18 sí 22 gan-an ló máa ń fìdí múlẹ̀ jù. Nítorí náà èsì àbúrò wa kì í ṣe ohun tí afẹ́fẹ́ yóò gbé lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ́fíìsì tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti yan iṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì máa ń lo àwọn àyẹ̀wò yìí lójoojúmọ́. Ohun kan tí àwọn ará ilé kì í sábà rò ni pé wọ́n ṣe wọ́n fún ètò tó yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Níbí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láìtíì yan ẹ̀kọ́ kan pàtó, ó sì lè tó ìparí ọdún kejì kí wọ́n tó sọ èyí tí wọ́n fẹ́. Bí èsì bá sọ pé S ló ga, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kíláàsì kan tọ́ ọ wò ní sáà tó tẹ̀ lé e, kí ó sì fi í sílẹ̀ láìpàdánù púpọ̀. JAMB kò gbà yín láyè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fún yín lẹ ó gbé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi rò pé inú ẹ̀kọ́ tí o wà ni kí o ti kọ́kọ́ lo èsì náà, láti fi yan irú oníṣẹ́ Microbiology tí wàá jẹ́, kí o tó máa rò ó bóyá wàá kúrò.

Lórí lẹ́tà mẹ́rin: èrò Isabel Briggs Myers àti ìyá rẹ̀, Katharine Briggs, ló bí i, láti inú iṣẹ́ Carl Jung, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Switzerland. Àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó ń gé ènìyàn sí méjì láàárín. E àti I tibẹ̀ kì í ṣe ti Holland: E ni ẹni tó fẹ́ràn àwùjọ, I ni ẹni tó fẹ́ràn dídá wà. Ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárín méjèèjì ni a óò pè ní E lónìí, tí yóò sì di I bó bá tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tó ni í fúnra wọn sọ pé kò yẹ kí a fi gba òṣìṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń jẹ́ àfarawé rẹ̀. Bí o bá gbádùn kíkà á, kò burú. Má kàn gbé e wọ inú ìpinnu yìí.

Mo tún kíyè sí ohun kan nínú ìbéèrè rẹ. O sọ pé ìmọ̀ ìṣègùn ni o kọ sínú fọ́ọ̀mù, o sì sọ ohun tí bàbá rẹ fẹ́. Ibì kankan ò sí tí o ti sọ pé ìmọ̀ ìṣègùn wu ìwọ fúnra rẹ. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Houston níbí náà máa ń wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yìí: dókítà, nọ́ọ̀sì, lọ́yà, ẹnjiníà, gbogbo rẹ̀ láti ẹnu àwọn òbí. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan bí wọ́n ṣe rò pé bàbá wọn yóò fẹ́ kí àwọn dáhùn, lẹ́ẹ̀kan bí ọkàn wọn ṣe wí. Ibi tí ìwé méjèèjì bá ti yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ 200 Level

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, obìnrin ni mí, n kò sì tíì mú sípánà dání rí, ká má purọ́.

Mo padà sínú àwọn gbólóhùn náà bí ẹ ṣe wí. Plánẹ́ẹ̀tì, ojú ọjọ́ àti ohun tó fa iná, mo kórìíra gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ omi àti àyẹ̀wò tí a fi ń dá àrùn mọ̀, mo fẹ́ràn wọn. Láàbù báyọ́lọ́jì, mo ní kò dá mi lójú. Nínú S, iṣẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà àti ìtọ́sọ́nà lórí yíyan iṣẹ́ ni mo fi sí òkè pátápátá, ṣùgbọ́n gbígbọ́ ìṣòro ọkàn àwọn ènìyàn kò wù mí tó bẹ́ẹ̀. Nínú E, dídá òwò ara ẹni sílẹ̀ ló ga jù. Ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, ẹ̀gbọ́n wa ní Houston bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí, n kò sì tíì lè dáhùn rẹ̀ níwájú bàbá mi.

A óò lọ sí SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé iṣẹ́, ní 300 level, fún oṣù mẹ́fà. Àwọn tó ṣáájú wa sábà máa ń lọ sí láàbù ilé ìwòsàn. Ṣé ibẹ̀ náà ni kí n lọ?

Ìdáhùn láti ọwọ́ Olùgbaninímọ̀ràn, Abẹ́òkúta

Rárá, àyàfi tí kò bá sí ibòmíràn. Láàbù ilé ìwòsàn yóò kàn fi ohun tí o ti mọ̀ hàn ọ́ ni, ìyẹn ijókòó sídìí àwo láti àárọ̀ dalẹ́. Ibi tí Microbiology ti ń bá ènìyàn pàdé ni kí o wá. Ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ìyá ọlọ́mọ nípa omi mímu àti ìmọ́tótó, jẹ́ ọ̀kan. NAFDAC ní láàbù, ó sì ní àwọn tó ń bá aráàlú sọ̀rọ̀. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ń ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń ṣe oúnjẹ lọ́jọ̀, ó sì ń kọ́ àwọn tó fẹ́ fi í ṣòwò; ìwádìí, ìkọ́ni àti òwò pàdé níbẹ̀, bí S, E àti I rẹ ṣe wí. Bí iṣẹ́ olùkọ́ bá sì ti ń fà ọ́ láti ìsinsìnyí, mọ̀ pé lẹ́yìn oyè rẹ, ìwé ẹ̀rí ìkọ́ni PGDE àti ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, ni wàá fi kún un, kò dìgbà tí o bá yí ẹ̀ka padà.

Ní ti àtiyí padà sí ẹ̀ka mìíràn, fásitì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n lọ bi ọ́fíìsì fákọ́tì tí o fẹ́ lọ ní ohun méjì: máàkì tí wọ́n ń béèrè, àti bóyá àwọn kọ́ọ̀sì tí o yege nínú WAEC bá tiwọn mu. Gba ìdáhùn méjèèjì lákọsílẹ̀ kí o tó bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀.

Logbook SIWES ní àyè fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ra ìwé kékeré kan lọ́tọ̀, kí o máa kọ iṣẹ́ tó mú kí o gbàgbé aago àti èyí tó mú kí o máa wo aago sínú rẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé, tún àyẹ̀wò náà ṣe láìwo ti àkọ́kọ́, kí o wá gbé ìwé náà àti èsì méjèèjì wá sórí ìlà yìí. Ìwé ìbéèrè fún àyè SIWES ni kí o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ báyìí, torí àwọn ilé iṣẹ́ tí mo dárúkọ wọ̀nyí máa ń tètè kún.